Ihò Kan, Gíríìnì Méjì

Àwọn àgbà wa ní òwe méjì tí ó jọ pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n sì tún ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Èwo nínú méjèèjì ni kí ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń to ayé rẹ̀ dì mú? Ó pẹ́ tí ìbéèrè yìí ti wà lọ́kàn mi. Ibi tí mo ti rí ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu: orí pápá gọ́ọ̀fù ni, pàápàá ní ilẹ̀ Japan, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣe gíríìnì méjì fún ihò kan ṣoṣo.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òǹkàwé mi ni kò gbá gọ́ọ̀fù rí, nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yé ara wa. Pápá gọ́ọ̀fù tí ó pé máa ń ní ihò 18. Ohun tí wọ́n ń pè ní ihò kì í ṣe kòtò kékeré tí bọ́ọ̀lù ń bọ́ sí nìkan. Gbogbo ọ̀nà tí ó ti ibi àkọ́gbá lọ títí dé kòtò náà ni. Ní òpin ọ̀nà yìí ni gíríìnì wà. Ilẹ̀ kan ni tí wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí bọ́ọ̀lù fi ń yí lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n tẹ́ ẹní síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àsíá dúró sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá rọra ti bọ́ọ̀lù sínú kòtò. Kò sí ibi tí ó gba ìtọ́jú tó o ní gbogbo pápá. Koríko tí a ń gé mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, tí ẹsẹ̀ ènìyàn sì ń tẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kò ní agbára púpọ̀ tí yóò fi bá oòrùn, òjò àti àrùn jà.

Ibí yìí ni ìṣòro àwọn ará Japan ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ooru wọn gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tún kún fún ọ̀rinrin. Òjò ńlá a máa rọ̀ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù keje, ooru tí ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ṣe é fẹnu sọ. Nígbà tí ó bá di ìgbà òtútù, òtútù náà a mú dé egungun. Koríko kan wà tí wọ́n ń pè ní korai, tí ó fẹ́ràn ooru. Bí oòrùn bá ń ràn, ara rẹ̀ a yá gágá. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti dé, a sùn lọ, àwọ̀ rẹ̀ a sì di bí ti koríko inú ẹ̀ẹ̀rùn. Koríko kejì ni bent, tí òun fẹ́ràn ibi tútù. A dán, a jọ̀lọ̀, bọ́ọ̀lù a sì máa yí lórí rẹ̀ bí ọkàn agbábọ́ọ̀lù ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ooru Japan a máa pa á. Èyí tí ó lè fara da ooru kò wúlò ní òtútù. Èyí tí ó dára ní òtútù kò lè la ooru já.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n ṣe méjèèjì. Ní òpin ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbin korai sí gíríìnì kan, wọ́n sì gbin bent sí èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ooru bá dé, wọ́n a gbé àsíá lọ sí ti korai. Bí òtútù bá dé, wọ́n a gbé e padà sí ti bent. Nígbà tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń sinmi, ara rẹ̀ ń bọ̀ sípò. Lórí pápá tí ó bá ní ihò 18, gíríìnì 36 ni wọ́n ń tọ́jú.

Bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń pàṣẹ fún ilé tí a ó kọ́ àti aṣọ tí a ó wọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń pàṣẹ fún pápá. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà níbí, àwọn pápá kan wà tí kò ní gíríìnì rárá. Iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ òróró, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ni wọ́n fi ṣe òpin ihò. Nítorí àwọ̀ rẹ̀, àwọn agbágọ́ọ̀fù ń pè é ní brown. Bí ẹni kan bá ti gbá tirẹ̀ tán, wọ́n a fi nǹkan wọ́ ojú iyanrìn náà kí ó lè tún jọ̀lọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àwa fi iyanrìn dá oòrùn lóhùn; àwọn ará Japan fi koríko méjì dá a lóhùn.

Fún ẹni tí ń gbá bọ́ọ̀lù, ètò yìí ní òfin tirẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ àmì-ayò lórí irú pápá bẹ́ẹ̀ máa ń kọ ìwọ̀n ọ̀nà méjì fún ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sí gíríìnì A, èkejì sí gíríìnì B. Bí bọ́ọ̀lù rẹ bá wá ṣèèṣì balẹ̀ sórí gíríìnì tí ń sinmi ńkọ́? Òfin gọ́ọ̀fù kò gbà ọ́ láyè láti gbá a níbẹ̀. Dandan ni kí o gbé e kúrò, kí o sọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí kò sún mọ́ kòtò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwọ kò ní jìyà kankan fún gbígbé e. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣorí kunkun tí o gbá a lórí gíríìnì náà, àmì méjì ni wọn yóò fi jẹ ọ́ níyà níbi tí wọ́n bá ti ń ka iye ìgbà tí a gbá bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀. Ohun tí ń sinmi, wọ́n fi òfin dáàbò bo ìsinmi rẹ̀.

Ohun mìíràn tún fún ètò gíríìnì méjì lágbára. Ní ọdún 1957, Japan gbàlejò ìdíje Canada Cup ní Kasumigaseki Country Club, ní ìlú Kawagoe, tí kò jìnnà sí Tokyo. Torakichi Nakamura àti Koichi Ono ni ó ṣojú Japan. Wọ́n sì borí gbogbo àwọn tí ó wá, títí kan Sam Snead, ògbóǹtarìgì ará Amẹ́ríkà. Láti ìgbà náà ni gọ́ọ̀fù ti di ohun tí gbogbo ayé ń wá ní ilẹ̀ Japan, tí èrò sì ń ya lọ sí pápá. Ẹsẹ̀ pọ̀ lórí koríko. Nígbà tí ó yá, àwọn pápá kan tilẹ̀ gbin bent sí gíríìnì méjèèjì, kì í ṣe nítorí ooru àti òtútù nìkan mọ́, bí kò ṣe kí ọ̀kan lè sinmi nígbà tí èrò bá ń tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2019, nígbà tí Tiger Woods gba ife Zozo Championship ní Narashino Country Club, pápá oníhò gíríìnì méjì ni ó ti gbà á. Ife kejìlélọ́gọ́rin rẹ̀ ni lórí PGA Tour, èyí tí ó mú un bá Sam Snead kan náà dọ́gba. Ilẹ̀ tí Snead ti pàdánù ní 1957 ni Woods ti bá a dọ́gba.

Títí dé ibí yìí, ó dà bí ẹni pé òwe ọ̀nà ọjà ni ó ń borí. Ṣùgbọ́n òwe eku méjì kò dákẹ́. Ìnáwó kọ́: gíríìnì tí a kò lò lónìí ń fẹ́ omi, ó ń fẹ́ gígé, ó ń fẹ́ oògùn, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a ń lò. Ẹwà ìkejì: ayàwòrán pápá tí ó mọṣẹ́ máa ń to ọ̀nà, ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ àti kòtò iyanrìn rẹ̀ kí gbogbo wọn lè tọ́ka sí ibi kan ṣoṣo. Kòtò iyanrìn tí ó wà lápá òsì ní láti bi agbágọ́ọ̀fù ní ìbéèrè: ṣé o láyà láti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, tàbí o fẹ́ gba ọ̀nà tí ó jìn? Bí òpin ọ̀nà bá di méjì, ìbéèrè náà a pàdánù agbára rẹ̀. Kòtò tí ó ń ṣọ́ gíríìnì A lè má já mọ́ nǹkan kan lójú ẹni tí ń lọ sí gíríìnì B. Nítorí àyè, méjèèjì a sì máa kéré. Gíríìnì méjì wà, ṣùgbọ́n èyí tí ọkàn ayàwòrán wà nínú rẹ̀ pátápátá lè má sí.

Kasumigaseki fúnra rẹ̀ ni ó wá dojú kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí pápá Ìlà-Oòrùn rẹ̀, èyí tí Kinya Fujita yà. Láìpẹ́ sí i, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Hugh Alison, wá tún un ṣe, ó sì gbẹ́ àwọn kòtò iyanrìn tí ó jìn gan-an síbẹ̀. Títí di òní, orúkọ Alison ni wọ́n fi ń pe irú kòtò bẹ́ẹ̀ ní Japan. Lẹ́yìn náà, pápá náà di oníhò gíríìnì méjì bíi ti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yàn án fún Òlíḿpíìkì Tokyo 2020, wọ́n pe Tom Fazio àti ọmọ rẹ̀, Logan, láti tún un ṣe. Iṣẹ́ náà parí ní 2016. Wọ́n wó ètò gíríìnì méjì, wọ́n sì fi ẹyọ kan tí ó tóbi rọ́pò wọn ní ihò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ó mú kí èyí ṣe é ṣe ni pé àwọn onímọ̀ ti rí irúgbìn bent tuntun tí ó lè fara da ooru ju ti àtijọ́ lọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe méjì ti lọ. Nígbà tí ìdíje náà wáyé ní 2021 lẹ́yìn tí àrùn Kòrónà sún un síwájú, Xander Schauffele àti Nelly Korda gba wúrà níbẹ̀, Mone Inami ọmọ Japan sì gba fàdákà.

Ẹ má ṣe sáré sọ pé òwe eku méjì ti borí nìyẹn. Ẹ bá mi dé Pine Valley ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, pápá tí George Crump dá sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà mọ́ èyí tí ó dára jù lọ láyé. Ihò kẹjọ àti ìkẹsàn-án níbẹ̀ ní gíríìnì méjì-méjì títí di òní. Méjì péré ni nínú 18, gíríìnì kọ̀ọ̀kan sì pé fúnra rẹ̀; bí wọ́n bá gbé àsíá sí èyíkéyìí, ìdánwò gidi ni agbágọ́ọ̀fù yóò bá pàdé. Ní St Andrews ní Scotland, òdìkejì rẹ̀ ni ó wà: ihò méjì ni ó ń jọ lo gíríìnì kan. Gíríìnì méje ni wọ́n ń jọ lò bẹ́ẹ̀ lórí Old Course. Bí ẹ bá ro nọ́ńbà àwọn ihò tí ó ń jọ lò ó pọ̀, 18 ni yóò máa fún yín: ìkejì pẹ̀lú ìkẹrìndínlógún, ìkẹta pẹ̀lú ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àlọ àti àbọ̀ a máa pàdé lórí koríko kan náà.

Nítorí náà, mi ò gbà pé àwọn òwe méjèèjì ń jà. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n jọ ń bi wá: kí ni ìkejì wà fún? Mo ń ronú nípa àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀sán, tí wọ́n tún ń ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru. Fún àwọn kan, korai àti bent ni: owó oṣù kò dé ìparí oṣù, nígbà tí ọ̀kan bá sì rọ, èkejì a gbé wọn ró. Ẹni tí ó bá ní kí irú wọn fi ọ̀kan sílẹ̀ kò tíì rí ooru tí ń jó wọn. Fún àwọn mìíràn, ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìkejì ti kọjá lọ tipẹ́, wọ́n kàn ń fún gíríìnì méjì lómi, méjèèjì sì kéré. Àwọn kẹta, tí ó ń dùn mí jù lọ, ní gíríìnì méjì ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí èyíkéyìí sinmi. Wọ́n gbé àsíá sórí méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ìsinmi ti di èyí tí kò sí ìsinmi nínú rẹ̀ mọ́.

Olùtọ́jú pápá tí ó gbọ́n kì í pe gíríìnì tí kò sí àsíá lórí rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Ó mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà nígbà náà. Bí ẹ bá ní ohun méjì lọ́wọ́, ẹ sọ ìdí èkejì jáde lẹ́nu kí ó dá yín lójú. Bí ìdí náà bá ṣì wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tí ó yẹ kí ó sùn nísinsìnyí, kí ẹ sì gbé bọ́ọ̀lù kúrò lórí rẹ̀. Bí ìdí náà bá ti lọ, ẹ ṣe bíi Kasumigaseki: ẹ pa méjì pọ̀ di ẹyọ kan tí ó tóbi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.