Ohun tó wà nínú iná aláràbarà ojú ọ̀run

Bí ọdún tuntun bá wọlé láago méjìlá òru, ojú tolórí-tẹlẹ́mù níí máa wòkè láwọn ìlú ńlá ayé. Iná pupa, iná aláwọ̀ ewé àti iná aláwọ̀ wúrà a tàn kárí ojú sánmà bí òdòdó tó là lójijì. Fáyawọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Ṣáínà ló ti ṣẹ̀ wá, ìlú Liuyang níbẹ̀ sì ni ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nídìí iṣẹ́ náà títí dòní.

Kò dà bí bàńgà tí ọmọdé ń jù ládùúgbò, tó jẹ́ ẹ̀tù tí wọ́n fi pépà dì. Èyí tó tóbi nínú wọn rí roboto bí bọ́ọ̀lù, páálí líle sì ni èèpo rẹ̀. Ẹ̀tù kan wà nísàlẹ̀, òun níí tì í jáde nínú ọ̀pá tí wọ́n gbé e sí. Òmíràn wà láàárín gbùngbùn, òun níí fọ́ ọ lókè. Àwọn kóro wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ ló yí ti àárín ká, àwọn gan-an sì ni ojú ń rí. Èròjà inú wọn níí fún wọn láwọ̀: strontium ń mú pupa wá, barium ń mú àwọ̀ ewé wá, bàbà ń mú àwọ̀ aró wá.

Okùn iná tó wà nínú rẹ̀ ni aago rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù náà ti ń gòkè ni okùn ń jó lọ, kó lè dé àárín nígbà tó bá ga tán.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bí okùn bá kú lójú ọ̀nà, odindi ẹ̀tù àárín àti gbogbo kóro ni yóò bá bọ́ọ̀lù náà padà wálẹ̀. Ẹni tó bá sáré lọ gbé e, tó ní kò ṣiṣẹ́ mọ́, iná ló gbé lọ́wọ́. Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá.

Bí ẹyọ kan bá le tó bẹ́ẹ̀, kí ni ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n kó jọ? Ní ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún, ọdún 2000, iná sọ nílé ìkẹ́rùsí fáyawọ́ọ̀kì kan nílùú Enschede, lórílẹ̀-èdè Netherlands. Ènìyàn 23 ló kú, panápaná 4 wà nínú wọn, àdúgbò Roombeek sì di ahoro.

Ẹwà iná yìí kì í pẹ́ lójú, ṣùgbọ́n àpá rẹ̀ kì í tètè jinná. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni kó yìn ín. Òkèèrè ni kí olùwòran dúró sí.