Kí A Tó Pe Ìyàwó Ní Àgàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí rí láàárín ọkọ àti aya. Síbẹ̀, bí ìyàwó bá pẹ́ nílé ọkọ tí a kò gbọ́ igbe ọmọ, òun nìkan ni ẹbí máa ń dá lẹ́bi. Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n lé jáde lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ ìyàwó méjì sí i, kò sí èyí tí ó lóyún nínú wọn. Ẹni tí wọ́n pè ní àgàn sì ti bí ọmọ mẹ́ta nílé ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà ni ìṣòro àìrọ́mọbí máa ń bá láyé rẹ̀. Àwọn oníṣègùn sì gbà pé ọwọ́ ọkùnrin wà nínú nǹkan bí ìdajì rẹ̀, yálà òun nìkan tàbí tòun tìyàwó.

Akúra ni à ń pe ọkùnrin tí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ le, tí àtọ̀ rẹ̀ sì ki, a kì í fura sí i. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí irúgbìn tí ó wà nínú àtọ̀.

Nǹkan bí ọjọ́ 74 ni irúgbìn yìí fi ń dàgbà nínú kóró ẹpọ̀n. Okùn àjogúnbá tí ó gbé dání, bí a bá nà án, yóò gùn tó nǹkan bí mítà kan. Purotéènì tí a ń pè ní histone ni okùn náà kọ́kọ́ wé mọ́, bí òwú ti ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́. Bí irúgbìn bá fẹ́ gbó, ara yóò lẹ àwọn àmì kéékèèké mọ́ histone kí ìdè rẹ̀ lè dẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò sì fi àyè sílẹ̀ fún purotéènì mìíràn, protamine, tí yóò di okùn náà ṣinṣin. Bí àmì wọ̀nyí bá ṣàìpé, tàbí tí wọn kò wá lákòókò, okùn lè já, irúgbìn lè bàjẹ́, oyún sì lè má dúró.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí kọ́ níbẹ̀. Ìkínní, àgbo tí ó ṣèlérí àtúnṣe ní ọjọ́ méje ń purọ́, nítorí iṣẹ́ oṣù méjì àti ààbọ̀ kò ṣeé parí lọ́sẹ̀ kan. Abẹ́rẹ́ testosterone tí àwọn mìíràn ń gbà kí ara wọn lè le tilẹ̀ lè dá iṣẹ́ náà dúró. Ìkejì, ọjọ́ kan náà ni ó yẹ kí ọkọ àti aya lọ fún àyẹ̀wò. Iye irúgbìn, ìrìn rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀ ni àyẹ̀wò àtọ̀ máa ń fi hàn. Kì í rí àwọn àmì tí mo sọ. Èsì rere nìkan kò tó láti dá ọkùnrin láre.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹbí ọkọ tó ránṣẹ́ pe ìyàwó, kí wọ́n kọ́kọ́ pe ọmọ tiwọn.