Ẹranko Mọ Ayé Ju Ènìyàn Lọ: Kí Ni Èrò Rẹ?

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ láàrin àwọn ọdẹ ní Òde-Ìrèlè, ilẹ̀ lè ṣú kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ọdẹ kan yóò ní ajá òun ti mọ̀ pé ẹran wà nínú igbó kí òun tó gbé ìbọn sókè. Òmíràn yóò ní bí ajá bá gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kì í yin ìbọn fúnra rẹ̀? Lójú tèmi, òtítọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò dá lórí ohun kan náà. Àwa Yorùbá a máa gbọ́ ohùn, a máa gbọ́ òórùn, a sì máa gbọ́ èdè. Ajá gbọ́ òórùn jù wá lọ. Ṣé ó gbọ́ èyí tí ó kù?

Kò sí àní-àní pé Elédùmarè kò pín ojú, etí àti imú lọ́gbọọgba. Ohùn fèrè tí ó tín-ín-rín tí etí wa kò lè gbọ́, ajá ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé kò yàtọ̀ lójú rẹ̀ bí ó ti yàtọ̀ lójú wa. Erè ní ihò wẹ́wẹ́ létè tí ó fi ń mọ ooru ara ẹran nínú òkùnkùn.

Òkété ni n ó fi ṣe ẹ̀rí gan-an. Ẹran tí àwa ń fi tọ́ọ̀ṣì dá lójú rú lóru, tí a sì ń fi se ọbẹ̀, ní Morogoro ní ilẹ̀ Tanzania, ẹgbẹ́ APOPO ń kọ́ ìbátan rẹ̀ láti fi imú wá bọ́ǹbù tí a rì mọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí òórùn bọ́ǹbù bá kàn án nímú, yóò fi èékánná ha ilẹ̀, wọn yóò sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò wúwo tó láti mú kí bọ́ǹbù náà bú gbàmù. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Cambodia títí di ọdún 2021. Ohun tí ó rí lé ní 100. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ PDSA ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà. Síbẹ̀, Magawa kò mọ ogun. Kò mọ ẹni tí ó ri bọ́ǹbù náà, kò sì mọ̀ pé ọmọ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lè pàdánù ẹsẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òórùn yìí a máa mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń fi ọgbọ́n ènìyàn yangàn rántí oṣù kẹrin ọdún 2015 ní Òde-Ìrèlè kan náà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, wọn kò ríran mọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn tí ó kú ti lé ní mẹ́wàá. Àwọn kan ní ìbínú òrìṣà Malokun ni. Àwọn mìíràn fura sí oògùn apakoríko. Àyẹ̀wò ni ó fi hàn pé methanol ni, nínú ògógóró. Methanol jọ ọtí lójú, ó jọ ọ́ lẹ́nu, ó sì jọ ọ́ nímú. Bí a bá ṣáná sí i, yóò jó. Nínú ara ni ó ti ń di ásíìdì tí ń ba iṣan ojú jẹ́. Gbogbo ọgbọ́n tí ọlọ́tí fi ń dán ọtí wò láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò lè tú u fó.

Níbi yìí ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí ó ní ẹranko sàn jù wá lọ. Òkété kò lè sọ pé imú òun kò tó. Ènìyàn lè sọ ọ́, kí ó sì wá ohun tí ó tó. Ẹ̀jẹ́ mi kò lọ jìnnà: bí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìlú ńlá nìkan, tí ẹni tí ń gbé ẹmu ògùrọ̀ kaná létí odò ń fi imú àti iná ìṣáná mọ ọtí rẹ̀, èrè wo ni ọgbọ́n náà ṣe fún Ìkálẹ̀? Kí ìjọba gbé e dé ilé ìwòsàn ìbílẹ̀, kí ọlọ́tí lè gbé ìgò kan wá láìsan kọ́bọ̀, kí ó tó kó ìyókù lọ sọ́jà.