Ẹ̀yin Ọmọ Bertrams, Ẹ Gba Ẹ̀kọ́ Yín Sọ́wọ́ Ara Yín

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Bertrams ní Johannesburg, àti ẹ̀yin tí ẹ ń rìn wá láti Troyeville àti Bez Valley, ọ̀rọ̀ mi kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Bí mo bá ṣe ìṣirò kan sára pátákó, gbogbo yín lẹ máa ń dà á kọ, ìwé yín á sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n tí mo bá yí nọ́ńbà méjì péré padà nínú ìṣirò kan náà, kíláàsì á pa lọ́lọ́. Èmi ni mo ṣiṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀yin kò tíì ṣe é.

Mi ò sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi ohun gbogbo. Ìwádìí PIRLS, ìyẹn ìwádìí káríayé lórí ìwé kíkà, ti ọdún 2021 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tó wà ní Grade 4 ní South Africa, 81 ni kò lè ka ìwé kó yé wọn. Ìjọba ló ni gbèsè yẹn, a ò sì ní yéé sìn ín. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ sílé nítorí pé kò ní ìwé ìgbélùú, ẹ gbọ́ o: ilé-ẹjọ́ gíga ní Makhanda ti dájọ́ lóṣù Kejìlá ọdún 2019 pé iléèwé ìjọba kò gbọdọ̀ torí ìyẹn lé ọmọ kankan. Ẹ mú ọmọ yẹn lọ síléèwé lọ́la.

Ṣùgbọ́n kí la ó máa ṣe títí ìjọba yóò fi san gbèsè náà? Ẹ wo Es'kia Mphahlele, òǹkọ̀wé ọmọ South Africa. Iṣẹ́ akọ̀wé ló ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ní Ezenzeleni nígbà tó fi ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ parí matric, ìdánwò àṣekágbá girama. Ó di olùkọ́ ní Orlando. Lọ́dún 1952, wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ó tako Bantu Education, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí ìjọba ń gbé bọ̀. Wọ́n gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò rí ìwé gbà. Ó gboyè M.A. ní Unisa, ọdún 1957 ló sì wá sílé wa: ó kọ́ àwọn ọmọ CMS Grammar School l'Ékòó, ó kọjá sí Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tó dá Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1961 pẹ̀lú Ulli Beier àti Wole Soyinka. Nígbà tó padà sí South Africa, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Wits, tí kò jìnnà sí ibi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó dá kọ́ ara rẹ̀ ní South Africa ló wá kọ́ àwọn bàbá wa!

Nítorí náà, ẹ pín ara yín ní mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ẹnì kan gba orí kan nínú ìwé, kó kọ́ àwọn méjì yòókù. Ìbéèrè matric àwọn ọdún tó kọjá wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, memo rẹ̀, ìyẹn ìdáhùn, náà wà níbẹ̀. Ẹ gbé aago síwájú yín, kí ẹ ṣe é tán kí ẹ tó ṣí memo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí i ti fi ara rẹ̀ ṣòfò.

Kí ẹ sì kọ́ bí a ti ń béèrè. Ọmọ tó ní “Kò yé mi, tíṣà” kò tíì sọ ibi tó ń dùn ún. Ọmọ tó ní “Ó yé mi títí dé ìlà kẹta, ibi tí x ti kọjá sódì kejì ló ti dàrú mọ́ mi lójú,” ọmọ yẹn ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kódà kó gba òdo lónìí.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ̀ǹda wákàtí méjì fún ọmọ lójoojúmọ́ tí kò ní tajà. Lálẹ́, ẹ ní kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó kà fún yín. Ẹ ó mọ̀ bóyá ó yé e, bí ẹ kò tilẹ̀ kàwé.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí mẹ́ta-mẹ́ta yín ti jókòó. Ẹ̀yìn ni mo máa wà, mi ò ní mú ṣọ́ọ̀kì. Kí olúkúlùkù mú ìbéèrè kan tó gbìyànjú tí kò rí yanjú dání, pẹ̀lú bébà tó fi gbìyànjú rẹ̀.