Orin Inú Àlọ́



Nígbà tí mo wà ní kékeré, aládùúgbò wa kan ní ẹ̀rọ fídíò. Yàrá ìgbàlejò rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ wo fíìmù Superman tí Richard Donner darí ní ọdún 1978. Lois Lane já bọ́ láti inú hẹlikọ́pítà lórí òrùlé ilé gogoro kan. Christopher Reeve fò sókè, ó fi ọwọ́ kan gba obìnrin náà mọ́ra, ó sì fi ìkejì gbá hẹlikọ́pítà mú. Ní alẹ́ ọjọ́ náà kan náà, ó bá ọmọbìnrin kékeré kan gbé ológbò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi. Alágbára tí ológbò ọmọdé kò kéré lójú rẹ̀: ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn nìyẹn.

Ní ọdún 2022, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, jókòó wo Man of Steel, èyí tí Zack Snyder darí ní 2013. Mo ti fi Superman yangàn fún un títí. Nígbà tí fíìmù ń parí lọ, lẹ́yìn tí ilé tí ó wó ní Metropolis ti pọ̀ ju kíkà lọ, Superman ṣẹ́ Zod lọ́rùn. Òótọ́ ni pé Zod fẹ́ pa ìdílé kan níbẹ̀, òótọ́ sì ni pé Superman kígbe ìrora lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi yíjú sí mi, ó ní: “Dádì, ṣé ẹni tí ẹ ní ó máa ń gba èèyàn là náà nìyí?” Mo ní fíìmù lásán ni. Ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀? Ọ̀wọ́ fíìmù ti 1978 ti rẹ̀ kí ó tó dúró. Ẹ̀kẹta, ní 1983, gbé ẹ̀fẹ̀ Richard Pryor ka iwájú. Ẹ̀kẹrin, ní 1987, kò rówó tó. Ní 2006, Bryan Singer fi Superman Returns tún un gbé dìde. Ó lo orin John Williams àtijọ́, ó tilẹ̀ lo àwòrán àti ohùn Marlon Brando, tí ó ti kú ní 2004. Ó fi ọ̀wọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ó dà bí ọmọ tí ó wọ agbádá bàbá rẹ̀ jáde: a mọ aṣọ, a kò rí ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Àwọn tí ó tẹ̀ lé e wá lọ sí òdìkejì. Batman ti di ẹlẹ́yà pátápátá ní 1997. Christopher Nolan gbà á ní 2005, ó fi òkùnkùn àti ìrònú tún un ṣe, ó sì bọ́ sí i, nítorí ọmọ tí wọ́n pa bàbá àti ìyá rẹ̀ lójú rẹ̀ ni Batman. Nolan yìí kan náà wà lára àwọn tí ó gbé Man of Steel jáde. Oògùn tí ó wo ẹsẹ̀ sàn ni wọ́n fi tọ́jú ojú.

Ìyá mi àgbà máa ń pa àlọ́ fún wa. Nígbà tí ó bá kan ìyá mi láti pa á, Ìjàpá lè wọ mọ́tò lọ sí ọjà, a kò ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá fo orin inú àlọ́ náà, gbogbo wa ni a ó pariwo. Ẹni tí yóò tún ìtàn àtijọ́ sọ gbọ́dọ̀ mọ èyí tí í ṣe orin nínú rẹ̀.

Ní 2025, èmi àti ọmọ náà lọ sí ilé sinimá láti wo Superman ti James Gunn. Kò tún ìparun Krypton sọ fún wa. Ẹni tí a kọ́kọ́ rí ni Superman tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà lójú ìjà. Àwàdà pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, èrò inú rẹ̀ náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ìjà pẹ̀lú ẹranko ńlá kan, David Corenswet ṣíwọ́, ó gbé ọ̀kẹ́rẹ́ kan kúrò nínú ewu. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín: “Ọ̀kẹ́rẹ́ kẹ̀!” Èmi rántí ológbò orí igi.

Nígbà tí a ń padà sílé, mo sọ fún un pé ìbéèrè tí ó bi mí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn dára, èmi ni n kò dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun ti gbàgbé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní: “Ṣùgbọ́n kì í ṣe fíìmù lásán, àbí?”

Mo ní rárá, kì í ṣe fíìmù lásán.