Ẹ Yé Sanwó Kí Ọmọ Yín Lè Lọ Ṣiṣẹ́ Lókè Òkun

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Palmyra, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Wọ́n tú síta, wọ́n ń pariwo ní oríṣiríṣi èdè. Ṣokoléètì Hershey ni wọ́n ń dì sí páálí níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ṣáínà wà nínú wọn, àwọn ọmọ Yukiréènì wà nínú wọn, àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà nínú wọn. Físà J-1 ni wọ́n fi wọlé, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ẹni tó bá wá fún pàṣípààrọ̀ ẹ̀kọ́ àti àṣà. Ohun tí wọ́n retí ni pé àwọn yóò ṣiṣẹ́ díẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn yóò já gaara, àwọn yóò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan lọ́hùn-ún. Páálí tó wúwo ni wọ́n bá, àti iṣẹ́ òru, àti owó ilé tí wọ́n ń yọ nínú owó iṣẹ́ wọn kó tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Páálí kọ́ ló dùn mí jù níbẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú iṣẹ́ agbára. Ohun tó dùn mí wọra ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ti san owó tó tó $3,000 sí $6,000 kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n sanwó kí wọ́n lè bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́!

N kò ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ètò yòówù tó bá ń gbowó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kó tó fún un níṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ìṣòwò lókè òkun, kí òbí kankan má ṣe fi kọ́bọ̀ sí i. Ẹni tí yóò jèrè iṣẹ́ ọmọ náà ni kó sanwó: iléeṣẹ́ tó gbà á, tàbí ìjọba tó pè é.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ Palmyra yẹn. Hershey ló ni ṣokoléètì. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Exel ló ń bá Hershey mójú tó ilé ìkẹ́rùsí. Exel tún gba iléeṣẹ́ mìíràn pé kó máa bá òun wá òṣìṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ti ọwọ́ CETUSA wá, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fún láṣẹ láti máa mú wọn wọlé. Ẹ wá fi àwọn ajẹ́ńtì tó ń gbowó lọ́wọ́ bàbá àti ìyá nílé kún un. Ọmọ tó bá ní ẹjọ́ láti rò, ta ni kó rò ó fún nínú wọn?

Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Ní 2012, ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ CETUSA. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ó ṣòfin pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ṣiṣẹ́ ìgbà ọlidé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ òru. Kí ọdún náà tó parí, iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mú kí wọ́n dá owó tó lé ní $200,000 padà fún akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 1,000. Ẹ pín in kí ẹ wò ó. Nǹkan bíi $200 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó san $3,000 ni wọ́n fi $200 tù nínú.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Japan. Wọ́n dá ètò ìkọ́ṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1993, pé kí ọ̀dọ́ láti Vietnam, Ṣáínà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní Éṣíà wá kọ́ iṣẹ́ òde òní lọ sílé. Títí di 2010, òfin òṣìṣẹ́ kì í dáàbò bò wọ́n ní ọdún kìíní wọn, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kà wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Vietnam ti jẹ gbèsè ajẹ́ńtì kí wọ́n tó wọ bàálù. Ètò náà kò sì gbà kí wọ́n fi ọ̀gá kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn. Ìgbà tó di 2024 ni ilé aṣòfin Japan ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fòpin sí i, kí òmíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2027. Ọgbọ̀n ọdún ó lé!

Láti 1997 ni àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ILO, ti fi í sínú Àdéhùn 181 rẹ̀ pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń báni wáṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ihò tí ajẹ́ńtì ń gbà sá lọ ni pé òun kò mú òṣìṣẹ́ lọ síbì kankan, akẹ́kọ̀ọ́ lòun mú lọ.

Àwọn kan yóò ní ṣebí nílẹ̀ Yorùbá níbí náà, ọmọ iṣẹ́ a máa sanwó fún ọ̀gá. Òótọ́ ni. Ẹni tó fẹ́ fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì a máa san owó ìkọ́ṣẹ́, tọ̀túntòsì a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n ta ni ó gba owó náà? Ọ̀gá ni. Òun náà ni yóò ki abẹ́rẹ́ bọ ọmọ náà lọ́wọ́, tí yóò tú aṣọ tó rán wọ́, tí yóò ní kó tún un rán. Ìyá ọmọ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó bá sọ ọmọ di ẹrú (àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ sì wà), ẹbí lè pè é jókòó, ẹgbẹ́ télọ̀ lè bá a wí. Ọjọ́ tí ọmọ yóò gba fíríidọ̀mù ti wà nínú ìwé. Tó bá pé, àwọn ọ̀gá yóò péjọ, wọn yóò gbàdúrà fún un níwájú gbogbo ayé, ó sì lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òpópónà kan náà. Ajẹ́ńtì kò mọ iṣẹ́ tó ń tà. Ọjọ́ tí bàálù gbéra ni ọwọ́ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Wọ́n tún ń sọ pé ojú ọmọ á là. Ojú á là lóòótọ́, n kò jiyàn. Àmọ́ kò dìgbà téèyàn bá ná gbogbo ohun ìní bàbá rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là. Ní 2014, ìjọba Obama kó 500 ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà lábẹ́ ètò Mandela Washington Fellowship. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò ní yunifásítì, àwọn kan kọ́ nípa òwò, wọ́n sì mú díẹ̀ nínú wọn lọ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà. Amẹ́ríkà ló sanwó bàálù, òun ló sanwó ilé àti oúnjẹ. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe. Nǹkan bíi 50,000 ló kọ̀wé béèrè fún 500 àyè yẹn, ẹni 99 nínú 100 ló padà sílé lófo. Inú ìjákulẹ̀ àwọn 99 yìí ni ajẹ́ńtì ti ń jẹun. Ó sàn kí ọmọ mi wà lára wọn ju kó fi gbèsè wọ bàálù.

Ẹ̀ka kan wà nínú J-1 tó wà fún iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ gan-an: oṣù méjìlá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, oṣù méjìdínlógún fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀. Òfin sọ pé ìwé kan gbọ́dọ̀ wà fún un, DS-7002, tí ọmọ náà, iléeṣẹ́ tó gbà á àti àjọ tó mú un wá yóò jọ tọwọ́ bọ̀. Ohun tí yóò kọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí yóò máa bójú tó o wà níbẹ̀, iye tí wọn yóò máa san fún un náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ mówó wá kí ẹ tó fojú kan ìwé yìí, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Àbújá ló ń fún àwọn tó ń báni wáṣẹ́ ní ìwé àṣẹ. Kí ó kó àwọn ajẹ́ńtì pàṣípààrọ̀ sábẹ́ àṣẹ kan náà. Kí ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ yóò dá a padà, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin òbí, ilẹ̀ tí ẹ ti ń wá ẹni tí yóò rà á nítorí irú ètò agbowó bẹ́ẹ̀, ẹ má tà á.