Kọ̀ǹpútà Kọ́ Ló Ń Yan Ọ̀nà Rélùwéè

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí bí ojú irin tuntun ṣe máa kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, mi ò sì lè dákẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí ọkàn wa balẹ̀, pé ètò àwòrán ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní GIS ni yóò yan ọ̀nà, àti pé kọ̀ǹpútà kò ní ìlú bàbá tí yóò máa gbè lẹ́yìn. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì lo GIS. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

A ó pín ilẹ̀ bí ojú àwọ̀n, a ó wá fún ojú kọ̀ọ̀kan ní máàkì: gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àkùrọ̀, odò tó ń fẹ́ afárá, ilé tí wọ́n máa wó. (Rélùwéè kò fẹ́ òkè rárá, kí ó gun mítà 10 péré láàárín kìlómítà 1, ìnira ni fún èyí tó kó ẹrù.) Kọ̀ǹpútà á wá wá ọ̀nà tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ kéré jù. Ta ló fún un ní máàkì? Ènìyàn ni. Bí mo bá fi 2 sí ilé wíwó, tí mo fi 9 sí afárá, àárín ilé onílé ni ojú irin máa gbà. Bí mo bá yí i padà, á forí lé odò. Kọ̀ǹpútà kan náà, ilẹ̀ kan náà.

Ohun tí a kò sì fún un, kò mọ̀ ọ́n. Gíga ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, rédà ló wọ̀n ọ́n láti òfuurufú ní ọdún 2000. Níbi tí igi bá ti dí, ó máa ń ka orí igi mọ́ ilẹ̀. Ní ti ilé, òrùlé nìkan ni sátẹ́láìtì ń rí. Àwọn bàbá wa tí a sin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, páànù ni wọ́n jẹ́ lójú rẹ̀.

Ibi tí ojú irin bá gbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ó sì sọ ibẹ̀ di ojúkò òwò. Kò gba Ọ̀yọ́, kò gba Ògbómọ̀ṣọ́, títí dòní. Ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021, kìlómítà 157, Mọníyà, lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn, ni èrò ń bọ́ sílẹ̀ sí. Ìyá arúgbó tó ń lọ sí Bẹẹrẹ láàárín ìlú ṣì ní láti wá mọ́tò mìíràn wọ̀. Bí a bá fi máàkì sí ìrìn yẹn náà, ṣé Mọníyà la máa yàn?

Mi ò ní kí wọ́n má lo GIS. Ẹni tó bá ti fi àdá lànà nínú igbó kó tó wọnlẹ̀ rí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí wọ́n lẹ àwọn máàkì náà mọ́ ara ògiri gbogbo ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí ojú irin máa gbà, ní èdè Yorùbá, kí èèkàn àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀. Kí àgbẹ̀ rí iye tí wọ́n fi sí oko rẹ̀, kí ọmọ olóòkú rí iye tí wọ́n fi sí ojú oórì bàbá rẹ̀, kí wọ́n sì ráyè jiyàn rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.